Kúrúnà wọlé: aṣọ wo là ń fi omi gbígbóná pa, èwo là ń dì pamọ́?

Nọ́ọ̀sì, Ìdó-Èkìtì
Kí ẹnikẹ́ni tó gbé omi kaná, ẹ rántí pé ara sí ara ni kúrúnà fi ń ràn jù: kí á jọ sùn, kí á pọn ọmọ, kí á di ọwọ́ ara wa mú pẹ́. Kòkòrò rẹ̀ kéré, inú awọ ara ló ń gbẹ́ ihò sí, ibẹ̀ náà ló ń yé ẹyin sí. Tó bá já bọ́ sórí aṣọ tàbí ibùsùn, kì í sábà kọjá ọjọ́ 2 sí 3 tó fi máa kú. Nítorí náà, ẹni tó fọ gbogbo aṣọ ilé tí kò kun oògùn, iṣẹ́ òfo ló ṣe. Ẹni tó kun oògùn, tó tún gbé aṣọ àná wọ̀, òun náà ń ṣeré.

Ọjọ́ kan náà ni kí gbogbo ará ilé kun oògùn, àti ẹni tí ara ń yún àti ẹni tí kò yún. Ẹni tí kò ní kúrúnà rí lè gbé e kiri fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Tó bá jẹ́ ìpara permethrin 5%, láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀ ni: àárín ìka, abẹ́ èékánná, ìdodo, abẹ́ ọmú, ojú ara. Ẹ gé èékánná kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ó máa wà lára fún wákàtí 8 sí 14. Ẹni tó bá fọwọ́ láàárín ìgbà náà, kó tún fi sí ọwọ́. Ẹ tún un kùn lẹ́yìn ọjọ́ 7.

Alágbàfọ̀, Adó-Èkìtì
Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Nọ́ọ̀sì. Kò sí ìdí láti kó gbogbo àpótí aṣọ síta. Ohun tó kan ara láàárín ọjọ́ 3 tó ṣáájú oògùn ni kí ẹ mú: aṣọ wíwọ̀, aṣọ ìbora, aṣọ ìnura, àwọ̀tẹ́lẹ̀.

Ooru ló ń pa kòkòrò náà, kì í ṣe ọṣẹ. Omi gbọ́dọ̀ ju 50°C lọ fún ìṣẹ́jú 10, ó kéré tán. Gárawá kan omi tó ń hó, gárawá kan omi tútù, ẹ pò wọ́n pọ̀, ó máa súnmọ́ 60°C. Ẹ fi igi ti aṣọ wọlẹ̀, kì í ṣe ọwọ́, kí ẹ sì dé e fún ìṣẹ́jú 20, torí pé ó ń tutù lọ ni. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé wọ́n máa ń rọ́ aṣọ kún gárawá dé ẹnu. Omi gbígbóná kò ní dé àárín. Lẹ́yìn náà ẹ wá fọ̀ ọ́, ẹ sá a sí oòrùn, ẹ lọ̀ ọ́. Ẹ tẹ ayọ́ọ̀nù mọ́ ojú rírán àti ìgbátí ṣòkòtò dáadáa.

Aṣọ òkè, àrán, léèsì, bàtà, ọmọláńgidi: ẹ má fi omi gbígbóná kàn wọ́n. Ẹ kó wọn sínú ọ̀rá, ẹ so ó pa, ẹ kọ ọjọ́ sí i lára. Ọjọ́ 3 tó. Ṣùgbọ́n lápá Ẹfọ̀n-Alààyè nígbà òjò, ọjọ́ 7 ni mo máa ní kí ẹ fi sí i, torí òtútù àti ọ̀rinrin máa ń jẹ́ kó pẹ́ láyé.

Ìyá ọlọ́mọ, Ìkéré
Ẹ ti gbàgbé láti dárúkọ ọ̀já! Ìyá ọmọ, ìyá àgbà, àbúrò, ọ̀já kan náà ni gbogbo wọn fi ń pọn ọmọ. Kí ẹ ní méjì, kí ọ̀kan wà nínú omi gbígbóná nígbà tí èkejì wà lẹ́yìn. Ẹni tí kò bá tíì kun oògùn, kó má tíì pọn ọmọ.

Alábòójútó ilé akẹ́kọ̀ọ́, Ìwòròkò
Fóòmù ibùsùn tí àwọn kan máa ń dáná sun nítorí kúrúnà, owó ló ń jóná. Ẹ ṣí aṣọ orí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sùn sí i fún ọjọ́ 3. Tí kò bá sí ibòmíì láti sùn, ẹ fi ọ̀rá nínípọn bò ó yíká kí ẹ tó tẹ́ aṣọ mímọ́ lé e. Àga onífóòmù náà bẹ́ẹ̀. Àga oníke àti ilẹ̀ sìmẹ́ńtì kò le: ẹ gbá a, ẹ nù ún, ó parí. Kí aṣọ ìnura ènìyàn mẹ́rin má wà lórí ìṣó kan ṣoṣo. Òkìrìkà tí ẹ rà ní Ọjà Bísí, omi gbígbóná ni kó kọ́kọ́ rí kó tó rí ara.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ́n oògùn apakòkòrò sí ibùsùn, ẹ má fi kẹrosíìnì para. Májèlé ni.

Apoògùn, Ìkọ̀lé
Ara ṣì lè máa yún fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú. Ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń ṣi í ṣe: wọ́n á máa kun ìpara lójoojúmọ́ títí ara á fi bó. Tí ó bá kọjá ọ̀sẹ̀ 4, tàbí tí ohun tuntun ń sú yọ lára, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn.

Irú kúrúnà kan wà tó yàtọ̀, èyí tó ń di èépá nínípọn lára arúgbó tàbí ẹni tí àìlera ti dín agbára ara rẹ̀ kù. Lára ẹni tí kúrúnà lásán mú, kòkòrò náà kì í sábà ju 10 sí 15 lọ. Lára ti eléèépá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni. Aṣọ àti àga ẹni bẹ́ẹ̀ ń ràn lóòótọ́, ẹ máa pààrọ̀ aṣọ ibùsùn rẹ̀ lójoojúmọ́, kí dókítà sì tọ́jú rẹ̀. Ivermectin oníhóró, ìyẹn oògùn kúrúnà tí à ń gbé mì, ìwọ̀n ara ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Aboyún àti ọmọ tí kò tó kílò 15 kò gbọdọ̀ lò ó.