Bàámi àti àrọ̀ inú odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀

Ọmọ ọdún 8 ni mí nígbà tí bàámi bẹ̀rẹ̀ sí í fi máṣíìnì gbé mi láti Àkúrẹ́ lọ pẹja ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀. Bàámi kò mọ̀ ọ́n ní eré rárá. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ létí odò. Bí apẹ̀rẹ̀ kò bá kún, a ò ní lọ sílé. Epìyà tí kò ju ìka ọwọ́ lọ, inú apẹ̀rẹ̀ náà ni.

Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn òjò, omi pọ́n, àrọ̀ ńlá kan gbé ìwọ̀ mi mì. Mo fà á dé etí omi, mo sì sáré gbá a mú lọ́rùn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àrọ̀ mọ ohun tó wà níbẹ̀: ẹ̀gún, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ó gún mi ní àtàǹpàkò, mo jù ú sílẹ̀, ó di inú omi. Ẹ̀jẹ̀ ń kán, bàámi kò wo ọwọ́ mi. Wọ́n ní, "Ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan lo jù nù yẹn." Wọn kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi délé. Ìyẹn dùn mí ju ẹ̀gún lọ.

Owó oṣù tíṣà tí kì í dé lásìkò ni wọ́n fi ń bọ́ àwa márùn-ún. Àgbà ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹ̀rù ebi ló ń bà wọ́n.

Nígbà tó kan àbíkẹ́yìn wa, ohùn wọn ti rọ̀ díẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n ń gbé àga lọ sétí odò.

Nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, a mú ọmọ mi lọ. Ẹnu rẹ̀ kò dákẹ́. "Bàbá àgbà, kí ló dé tí àrọ̀ ń yọ orí sókè?" "Ó wá mí ni, ọkọ mi. Ó lè mí afẹ́fẹ́ òkè bíi tìẹ, òun ni kì í fi í tètè kú lórí ilẹ̀." Nígbà tó mú epìyà kékeré kan, bàámi fi omi rin ọwọ́ wọn, wọ́n yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n dá a padà sódò.

Lẹ́yìn náà ni àrọ̀ kan gbé ìwọ̀ ọmọ náà. Bó ṣe nawọ́ sí i, bàámi ti dìde. "Dúró, wò ó." Wọ́n ti ẹ̀yìn orí àrọ̀ náà mú un, àtàǹpàkò lẹ́yìn ẹ̀gún kan, ìfábẹ̀lá lẹ́yìn èkejì. Àrọ̀ ń ju ìrù, kò rí ẹnikẹ́ni gún.

Wọ́n wo ojú mi. "Mi ò kọ́ ọ nígbà náà, àbí?"

"Ẹ ò kọ́ mi, bàámi."

"Mú ọwọ́ rẹ wá."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ mi, wọ́n sì mú àtàǹpàkò mi, wọ́n fi í síbi tó yẹ kó wà.