Ṣé kí n gba aláìnílé sílé?
Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ọkùnrin aláìnílé kan ń sùn sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa. À ń fún un lóúnjẹ. A bá a wá ibi tí wọ́n ń gba aláìnílé sí, ó kọ̀, ó ní wọ́n ti jí ẹrù òun níbẹ̀ rí. Àwọn kan ń fa 2 Tẹsalóníkà 3:10 yọ, pé ẹni tí kò bá fẹ́ ṣiṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ jẹun, àmọ́ ẹni tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́ ni Pọ́ọ̀lù bá wí, kì í ṣe ẹni tí kò ríṣẹ́! Aísáyà 58:7 ní ká mú òtòṣì tí kò nílé wọlé, ọkàn mi kò sì balẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n mo ní àwọn ọmọ kéékèèké. Ṣé kí n gbà á sílé ni? Ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ ṣáájú.