Ìdáhùn tí mo rí lórí àbẹ́là olóòórùn dídùn

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin tí ẹ dá mi lóhùn nígbà tí mo béèrè bí a ṣe lè dá ojúlówó mọ̀ nínú àwọn àbẹ́là olóòórùn dídùn tí wọ́n ń tà níhìn-ín ní Òṣogbo. Ọ̀rọ̀ náà ti yé mi, mo sì fẹ́ pa á dé.

Òwú ni mo kà sí pàtàkì jù. Bí wáyà bá wà láàárín rẹ̀, ẹ ṣí òwú ara rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì fi wáyà náà fa ìlà sórí bébà funfun. Bí ìlà aláwọ̀ eérú bá hàn bíi ti pẹ́ńsùlù, ó ṣeé ṣe kí òjé wà nínú rẹ̀, irú èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà fòfin dè ní 2003 nítorí májèlé tó ń bá èéfín rẹ̀ jáde. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tan irú rẹ̀ nílé tí ọmọdé wà.

Nígbà àkọ́tàn, ẹ jẹ́ kí ìda yọ́ dé etí ife kí ẹ tó pa iná, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àárín nìkan ni yóò máa jó wọlé. Ẹ gé òwú sí nǹkan bíi mìlímítà 6 kí ó má baà rú èéfín dúdú. Òróró tó ń yọ bí òógùn lójú àbẹ́là kì í ṣe àbùkù; ooru ló sábà máa ń fà á.

Èyí tí a fi ìda sóyà (ìda tí a ṣe láti ara òróró ẹ̀wà sóyà) ṣe, tí ẹnìkan nínú yín dábàá, ni mo rà.