Ìpara wo ló ń mú ara dúdú díẹ̀díẹ̀ láìsí oòrùn?

Ẹ̀yin ará mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mò ń gbé, mo sì pupa gan-an. Tí òtútù bá ti dé, ẹsẹ̀ mi á pupa ju ojú mi lọ.

Ìgbéyàwó àbúrò mi ń bọ̀. Ìpara tí wọ́n fi DHA (èròjà tó ń pa awọ ara láró) ṣe ni mo fẹ́, irú èyí tó ń mú ara dúdú díẹ̀díẹ̀. Mo mọ̀ pé awọ òkè tó ti kú nìkan ló ń pa láró, kì í sì í dáàbò boni lọ́wọ́ oòrùn. Orúnkún àti ìgbọ̀nwọ́ ló ń bà mí lẹ́rù: awọ ibẹ̀ gbẹ, ó sì máa ń mu aró jù.

Èwo lẹ ti lò tí kò pọ́n yòò lára, tí òórùn rẹ̀ kò sì le? Ṣé kí n kọ́kọ́ fi kànìnkànìn ha ara dáadáa?