Nígbà tí agbọ́ta .44 Magnum bá há: ọ̀rọ̀ lórí ọta olójé tó wúwo

Ọmọ Ìsẹ́yìn, Houston: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo kí yín o. Fúnra mi ni mo ń ki ọta .44 Magnum tí mò ń lò nínú revolver mi (ìbọn ọwọ́ tí agbọ́ta rẹ̀, ìyẹn àgbá tí a ń ki ọta sí, máa ń yí), òjé tí mo rọ ni mo sì fi ṣe orí rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wúwo tó grain 300. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo yìn ín lẹ́ẹ̀mẹrin, agbọ́ta náà há, kò yí mọ́. Ṣé ẹ̀tù ni mo bù jù ni?

Ẹ̀gbọ́n Dallas: Àbúrò mi, má tíì di ẹ̀bi ru ẹ̀tù. Ó jọ pé ọ̀kan nínú àwọn ọta tí o kò tíì yìn ló yọrí jáde níwájú agbọ́ta, tí ó sì ń há mọ́ ara ìbọn. Nígbàkigbà tí ìbọn bá ta sẹ́yìn, kòròfo ọta (ìkòkó idẹ tó gba ẹ̀tù, tí òjé wà lẹ́nu rẹ̀) á bá a lọ, ṣùgbọ́n òjé tó wúwo kì í tètè tẹ̀ lé e, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa fà yọ. Bí ó bá tún ṣẹlẹ̀, kọ ẹnu ìbọn sí ibi àfojúsùn, kí o sì pe ẹni tó ń bójú tó pápá. Má ṣe fi òòlù gbá a.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé kí a ká ẹnu kòròfo mọ́ ọta gírígírí nìkan ló tó. Ní tèmi, ibi tí kòròfo ti di ìdí ọta mú nínú lọ́hùn-ún ló ṣe kókó jù. Bí irin tí o fi ń la ẹnu kòròfo bá tóbi jù, kò sí bí o ṣe lè ká a tí yóò dúró. Rí i pé gbogbo kòròfo gùn dọ́gba (1.285 inch ni gígùn tó pọ̀ jù), kí ẹnu wọn lè ká sínú ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí ara ọta ká. Lẹ́yìn náà, ki mẹ́fà, fi caliper (irin tí a fi ń wọn gígùn) wọn ìkẹfà, yin márùn-ún, kí o sì tún un wọ̀n. Bí ó bá ti gùn sí i, má kó irú rẹ̀ lọ sígbó ọdẹ.

Bí ó bá sì ń lu òkè àmì ní yààdì 25, má bínú: ọta tó wúwo kì í yára tó èyí tó fúyẹ́, ẹnu ìbọn á sì ti gbé sókè kí ó tó jáde.

Ìyá Ìbejì, Atlanta: Bàbá wọn ń yọ́ òjé nínú gáréèjì wa. Ṣé kò léwu fún àwọn ọmọ?

Ẹ̀gbọ́n Dallas: Ó léwu, ìyá wa. Ìta gbangba ni kí wọ́n ti máa yọ́ ọ, kí wọ́n fọ ọwọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan oúnjẹ tàbí ọmọ, kí wọ́n sì ya aṣọ iṣẹ́ náà sọ́tọ̀ nígbà tí ẹ bá ń fọṣọ. Omi kò gbọdọ̀ kán sínú ìkòkò òjé gbígbóná, nítorí yóò bú, á sì ta sí èèyàn lára.

Ọmọ Ìsẹ́yìn, Houston: Ẹ̀gbọ́n, mo wọn àwọn kòròfo mi lálẹ́ àná. Wọn kò dọ́gba rárá, irin tí mo sì fi ń la ẹnu wọn tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ti ra òmíràn.