Èsì lórí “ìmúgbẹ kọnkéré”: gbó ni, kì í ṣe gbẹ

Ẹ̀yin ará,

Mo kí gbogbo yín. Ọ̀kan nínú wa fi ọ̀rọ̀ tuntun méjì ránṣẹ́ nípa kọnkéré tí wọ́n fi ń kọ́ yàrá ẹ̀rọ ìtànṣán, irú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ. Ó pe kọnkéré náà ní adítànṣán, ìyẹn ohun tó ń dí ìtànṣán. Ohun tí à ń ṣe fún un lẹ́yìn tí a bá dà á tán kó lè le dáadáa, èyí tí àwọn ẹnjiníà ń pè ní curing, ó pè é ní ìmúgbẹ. Ọ̀pọ̀ yín ti kan sáárá sí i. Èmi ò lè bá yín kan án. Àṣìṣe inú ti àkọ́kọ́ kò ju fáwẹ́lì àránmúpè kan lọ, ṣùgbọ́n ti èkejì lè ba ògiri jẹ́.

Kọnkéré kì í gbẹ kó tó le. Sìmẹ́ǹtì àti omi ló ń wọnú ara wọn tí wọ́n ń di òkúta. Kọnkéré tí wọ́n dà sábẹ́ omi pàápàá ń le, níbo wá ni gbígbẹ wà níbẹ̀? Bí omi bá tètè sá kúrò lára rẹ̀, iṣẹ́ yẹn á dúró lágbede méjì, ojú rẹ̀ á máa ṣẹ́ ìyẹ̀fun, á sì sán. Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fún ohun tó ń dàgbà, tó ń le láti inú wá: gbó. Àgbàdo lè gbẹ láìgbó, àgbẹ̀ tó bá sì bó o wò mọ̀ pé òfò ni. Ìmúgbó ni kí ẹ jẹ́ ká máa pè é.

Ẹnì kan ti fèsì pé àkísà ni gbó ń bá rìn, pé aṣọ ló ń gbó. Ṣé àkísà là ń tọrọ nígbà tí a bá ní “wàá gbó, wàá tọ́”? Ẹlòmíràn ní ìmúgbó yóò dún létí bí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń mu igbó. Kò lè dún bẹ́ẹ̀. Ohùn àárín ló wà lórí mu ti ìmugbó, ohùn òkè ló wà lórí mú ti ìmúgbó. Ẹni tó bá ń kọ Yorùbá láìfàmì sí i ló lẹ́jọ́, ọ̀rọ̀ náà kò jẹ̀bi.

Ẹ wá wo ìdí tí gbẹ fi burú nínú kọnkéré yìí ju nínú èyíkéyìí lọ. Ohun tó wúwo ló ń dín ìtànṣán gámà kù, irú ìtànṣán alágbára tó ń la nǹkan kọjá. Kọnkéré lásán máa ń tó nǹkan bíi kìlò 2,350 nínú kúbíìkì mítà kan. Bí a bá fi òkúta wíwúwo tí wọ́n ń pè ní barite tàbí magnetite rọ́pò òkúta wẹ́wẹ́ àti yanrìn rẹ̀, ó lè tó 3,500, èyí tí a bá fi ègé irin sí lè ju 5,000 lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ bá ju 10 MV (mílíọ̀nù fóòtì mẹ́wàá) lọ máa ń mú neutron, ègé tíntìntín láti inú átọ̀mù, jáde pẹ̀lú, ìwúwo nìkan kò sì tó fún neutron. Hydrogen, ọ̀kan nínú èròjà méjì tó para pọ̀ di omi, ló ń mú eré rẹ̀ rọlẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn mìíràn fi ń lo òkúta serpentine, tí omi wà nínú ara rẹ̀ láti ilẹ̀ wá. Omi tí sìmẹ́ǹtì dì mú jẹ́ ara ògiri náà. Ẹni tó bá ní ká mú un gbẹ, ohun tó ń dáàbò bo èèyàn ló ní ká lé jáde.

Ẹlòmíràn dá “ìbomirin” lábàá. Ó sàn, ṣùgbọ́n kò kárí. Ògiri ńlá máa ń gbóná láti inú bí sìmẹ́ǹtì bá ti ń ṣiṣẹ́. Inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 70°C lọ, ìyàtọ̀ inú àti ojú rẹ̀ kò sì yẹ kó kọjá 20°C, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò sán. Ẹni tó bá da omi tútù lé ojú ògiri bẹ́ẹ̀ ló fa sísán náà. Ńṣe là ń fi pákó tí a fi gbá a mú nígbà tí a dà á sílẹ̀ lára rẹ̀, tí à ń fi àpò tí a fi omi rin àti ọ̀rá bo orí rẹ̀, ó kéré tán fún ọjọ́ 7; èmi fara mọ́ 14 fún ògiri tó nípọn. Ìmúgbó gba gbogbo èyí mọ́ra.

Ní ti ẹni tó ní “jẹ́ kó gbẹ” ni àwọn àgbà bíríkìlà máa ń wí: òótọ́ ni, rẹ́ńdà, ìyẹn sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ara ògiri, tó ń dúró de ọ̀dà ni wọ́n ń sọ ọ́ sí. Àwọn àgbà kan náà ló ń pàṣẹ pé kí wọ́n bomi rin dẹ́kì láàárọ̀ àti lálẹ́. Wọn kì í da méjèèjì pọ̀, ẹ má fi ẹnu wọn kọ ohun tí wọn kò sọ.

Ó kù adítànṣán. Dí kọ́ ni ẹyọ ọ̀rọ̀ tó yẹ níbẹ̀, dín ni. Kò sí ògiri tó ń dí ìtànṣán gámà pa. Bí ti cobalt-60, èròjà kan tó ń tú ìtànṣán gámà jáde, bá la nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 22 kọnkéré lásán kọjá, ìdá kan nínú mẹ́wàá ló kù. Bí ó bá la 44 kọjá, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ń dín ni, kì í tán. Bí a ṣe ní ẹ̀dínwó, bẹ́ẹ̀ ni kí a ní adíntànṣán. Ẹ fi dí sílẹ̀ fún ihò: ihò irin tó so pákó ìhín mọ́ tọ̀hún gbọ́dọ̀ di dídí pẹ̀lú àpòpọ̀ tó wúwo bíi ti ògiri, páìpù tó bá wọnú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kọ́rọ́, kí ìtànṣán má baà rí ọ̀nà tààrà.

Ẹnì kan tún bi mí bóyá pípo kọnkéré yìí nílò orúkọ ọ̀tọ̀. Kò nílò rẹ̀, pò náà ni, àfi pé ọwọ́ ibẹ̀ yàtọ̀. Ìdajì ẹrù ni kí wọ́n máa dà sínú míkísà, nítorí ìwúwo rẹ̀. Barite rọrùn láti fọ́, bí wọ́n bá pò ó pẹ́ jù yóò di lẹ́búlẹ́bú, lẹ́búlẹ́bú á sì tún máa bèèrè omi, bẹ́ẹ̀ omi kò gbọdọ̀ ju nǹkan bí ìdá 0.45 ìwúwo sìmẹ́ǹtì lọ. Colemanite, òkúta mìíràn tí èròjà boron inú rẹ̀ ń gbé neutron mì, máa ń fa dídì sìmẹ́ǹtì sẹ́yìn, nítorí náà kí wọ́n kọ́kọ́ po díẹ̀ wò. Pákó tó tó fún kọnkéré lásán lè ya, torí ìtì tí yóò máa tì í á fi nǹkan bí ìdajì pọ̀ sí i. Kí wọ́n dà á ní ìpele sẹ̀ǹtímítà 30, kí wọ́n fi ẹ̀rọ gbọ̀n ọ́n díẹ̀díẹ̀ níbi tó súnmọ́ra, nítorí bí gbígbọ̀n bá pọ̀ jù, òkúta á rì sísàlẹ̀, òkè ògiri á fúyẹ́. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pò ni kí wọ́n dà á kún ike lítà 10, kí wọ́n gbọ̀n ọ́n dáadáa, kí wọ́n gé e lójú, kí wọ́n sì wọ̀n ọ́n: bí 3,500 ni wọ́n ń fẹ́, kìlò 35 ló gbọ́dọ̀ jẹ́ láìka ike mọ́ ọn. Bí ó bá jẹ́ 33, kí wọ́n má dà á sínú ògiri.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹni tó ń to àkójọ ọ̀rọ̀ wa yọ ìmúgbẹ kúrò kó tó tàn kálẹ̀. Ẹni tó sì ń bínú pé kọnkéré fúnra rẹ̀ kì í ṣe Yorùbá, mo gbọ́. Kó mú tirẹ̀ wá, kó sì bá a mú ọ̀rọ̀ kan wá fún barite.