Ṣé èdè kan náà ni gbogbo àwọn Ṣáínà ń sọ ni?

IyaBata_Balogun: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Bàtà ni mo ń tà ní Balógun, mo wá lọ rajà ní Guangzhou ní Ṣáínà, oṣù mẹ́ta ni mo ti ń fi fóònù kọ́ èdè wọn kí n tó lọ. Màmá kan gbé tíì fún mi, mo ní "xiexie", ìyẹn "ẹ ṣé" ní Mandarin tí mo kọ́, màmá rẹ́rìn-ín, ó ní "m goi" ni kí n sọ. Ọmọ-ọmọ ẹ̀ jókòó tì í, Mandarin lòun fi ń dá a lóhùn. Ó yà mí lẹ́nu. Tí kì í bá ṣe èdè kan, kí ló wá sọ wọ́n di ọ̀kan?

Egbon_Yaba: Àǹtí, Cantonese, èdè àwọn ará Guangzhou, ni màmá yẹn ń sọ. Kò rí bí Ìjẹ̀bú sí Ọ̀yọ́ o, ẹni tó gbọ́ Mandarin nìkan ò ní gbọ́ ọ rárá, ohùn mẹ́rin ni Mandarin ní, Cantonese ní mẹ́fà. Ìwé kíkọ ló so wọ́n pọ̀, ẹ fi àmì ìkọ̀wé wọn kọ "èmi" sílẹ̀, ará Beijing á pè é ní "wo", màmá yẹn á pè é ní "ngo". Ọdún 1956 ni ìjọba ti pàṣẹ pé kí wọ́n máa fi Putonghua, ìyẹn Mandarin tí ìjọba fọwọ́ sí, kọ́ ọmọ níléèwé, ohùn Beijing ni wọ́n gbé e lé.

Alhaji_Musin: Ìjọba ò ṣe nǹkan tó burú níbẹ̀. Èrò tó lé ní bílíọ̀nù kan, báwo ni ará Sichuan ṣe fẹ́ bá ará Guangdong dúnàádúrà?

OmoMakoko: Alàájì, ẹ má bínú o, kí wọ́n kọ́ Putonghua dáa, kí wọ́n wá pa ti ilé ló burú. Ẹ̀gùn ni wá, ilé Ẹ̀gùn, ọjà Yorùbá, iléèwé Òyìnbó, ta ló máa wá sọ pé èmi kì í ṣe ọmọ Èkó? Lọ́dún 2010 tí wọ́n dábàá pé kí tẹlifíṣọ̀n Guangzhou máa fi Mandarin sọ̀rọ̀ nítorí eré ìdárayá Éṣíà, àwọn èèyàn tú síta. Wọn ò sọ pé àwọn kì í ṣe ọmọ Ṣáínà o, èdè ìyá wọn ni wọ́n ní kí wọ́n má gbà lẹ́nu àwọn.

IyaBata_Balogun: Ọmọ Mákòókó, o ṣé gan-an. Ọmọ-ọmọ yẹn gbọ́ gbogbo ohun tí màmá ń sọ o, àmọ́ kò fi dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan títí mo fi dìde. Bí àbíkẹ́yìn mi ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí ìyá mi bá pè láti Ìjẹ̀bú-Igbó, òyìnbó ló máa fi dá a lóhùn, màmá á wá dákẹ́ lórí fóònù.